Tírígà Tí A Pààrọ̀ ní Ẹ̀pẹ́

Ọdún mẹ́fà ni mo fi yìnbọn ìdíje kí n tó mọ̀ pé tírígà ló ń fà mí sẹ́yìn. Ìbọn afẹ́fẹ́ ni, ìbọn ọwọ́ kékeré tó ń ta ọta tín-ín-rín sára bébà tí wọ́n gbé kọ́ sí ọ̀ọ́kán nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa ní Ìkòròdú. Tíṣà ni mí ní Ijede. Bí ilé ìwé bá ti parí, mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀. Ti ẹgbẹ́ ni ìbọn náà, ó sì ti gbó. Bí mo bá fi ìka fa tírígà rẹ̀, á há díẹ̀, á fò díẹ̀, á wá já lójijì nígbà tí ọwọ́ mi ò tíì dúró.

Àbúrò mi obìnrin tó wà lókè òkun ló fi tírígà tuntun ránṣẹ́, tòun ti sípírìn àti àwọn irin wẹ́wẹ́ inú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fi sí i fún wa ní Ìkòròdú. Kóòṣì wa ní òun mọ bàbá kan ní Ẹ̀pẹ́ tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe létí ọ̀sà, pé kò sí irin tó lè ya bàbá náà lẹ́nu. Ọwọ́ kóòṣì ni ìwé àṣẹ ìbọn wà, nítorí náà àwa méjèèjì la jọ lọ.

Bàbá tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ó ní ká sún sẹ́yìn. Láti àárọ̀ títí tó fi dìde lọ kírun Àsárì, ó ń fá irin, ó ń tú u, ó tún ń tò ó. Òfin ìdíje ni pé tírígà gbọ́dọ̀ gbé ìwọ̀n ìdajì kílò láìjá. Bàbá so ìwọ̀n náà mọ́ ọn nígbà mẹ́wàá, kò já lẹ́ẹ̀kan. Ó wá mú kútẹ́ẹ̀sì pupa tí ìyàwó rẹ̀ fi ń kun èékánná, ó kán an sórí sùkúrù kan tó ń mú kí tírígà le tàbí kó rọ̀.

"Ẹni tó bá yí èyí, ó ti ba iṣẹ́ mi jẹ́ nìyẹn. Ṣé ẹ gbọ́?"

"A ti gbọ́, Bàbá. Ẹ ṣé, sà."

Nígbà tí mo fà á wò, omijé bọ́ lójú mi. Ó ń lọ geere, ó sì já nígbà tí mo fẹ́ kó já gẹ́lẹ́.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi kọ́ ọwọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yan àwọn tó máa ṣojú ìpínlẹ̀ wa, mo yìn ín bí n kò ṣe yìn ín rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: láti orí ọta kìíní ni mo ti mọ̀ pé tírígà náà fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní ọwọ́ mi ló yá. Mo ń bá a lọ. Nígbà tá a parí, èmi ni mo ṣíwájú. Wọ́n mú orúkọ mélòó kan láti yẹ ìbọn wọn wò, tèmi sì wà níbẹ̀. Wọ́n so ìwọ̀n mọ́ tírígà, wọ́n gbé e sókè. Ó dún ká! Wọ́n tún gbé e sókè lẹ́ẹ̀mejì sí i, ó ń já. Wọ́n fi bírò pupa fa ìlà sórí orúkọ mi.

Kóòṣì bọ́ síwájú. "Bàbá kan ní Ẹ̀pẹ́ ló tún un ṣe," ó wí fún wọn. "Ọwọ́ àgbàlagbà, ó ti ń gbọ̀n."

Mo gbà á gbọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo lọ bá bàbá ní Ẹ̀pẹ́. N kò kúnlẹ̀, n kò kí i. Níwájú àwọn apẹja tó gbé ẹ́ńjìnnì wá ni mo ti pariwo lé e lórí, pé ó ti ba ayé mi jẹ́, pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n kó lọ jókòó sílé. Bàbá jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ọmọ mi, kútẹ́ẹ̀sì yẹn ńkọ́?"

N kò tíì wò ó. Mo padà sí Ìkòròdú, mo ní kí kóòṣì ṣí àpótí ìbọn. Kútẹ́ẹ̀sì náà ti fọ́ yángá.

"Kóòṣì, ta ló yí i?"

Ó wolẹ̀. "Mo dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ nígbà tó ku ọ̀la. Mo fẹ́ kó rọ̀ ẹ́ lọ́rùn ni. Ta ló mọ̀ pé orúkọ ẹ ni wọ́n máa mú?"

"Ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

"Kí n wá pàdánù iṣẹ́ mi? Ọmọdé ṣì ni ẹ́, ìdíje mìíràn ń bọ̀."

Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni mí lọ́jọ́ náà.

Mo kọ lẹ́tà sí àwọn tó ṣètò ìdíje, ẹnikẹ́ni ò fèsì. Kóòṣì wa ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Mo padà lọ sí Ẹ̀pẹ́, mo kúnlẹ̀ fún bàbá. Ó ní, "Mo ti forí jì ẹ́. Ṣùgbọ́n má gbé irin kankan wá bá mi mọ́." Èyí tó ń dùn mí jù ni pé kò sí apẹja kankan níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo wọn ló gbọ́ èébú mi. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi.

Wọ́n ti dá tírígà náà padà sí ìwọ̀n tó yẹ, wọ́n sì gbé ìbọn fún obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́. Èmi ni kóòṣì ní kí n kọ́ ọ, mo sì kọ́ ọ. Ó ti mọ̀ ọ́n yìn jù mí lọ báyìí. Nígbà tó béèrè ìdí tí mo fi fi ìbọn náà sílẹ̀, mo ní iṣẹ́ ilé ìwé ló pọ̀ jù.