Ọjọ́ Tí Mọ́mì Wakọ̀ Kọjá Òkè Mòrókò

Lánàá, mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù báàgì kan ní Peckham, ní London, òórùn awọ tuntun sì gbé mi padà sí Mòrókò, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ.

Láti London la ti wa mọ́tò wa lọ, ọkọ̀ ojú omi ló gbé wa sọdá òkun. Dádì ló máa ń wakọ̀ nílé wa, torí awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni wọ́n, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ tí a fẹ́ kọjá òkè, Mọ́mì ni wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́. Ọ̀nà òkè náà rí kọ́lọkọ̀lọ, ọ̀gbun jíjìn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Òógùn ń ṣàn lọ́rùn Mọ́mì, síbẹ̀ wọn ò dúró. Dádì kàn ń wo ìta.

Mo bi wọ́n pé, "Dádì, ṣé ó ti rẹ̀ yín ni?"

"Rárá, Sílífá. Ìran ni mò ń wò."

Nígbà tó yá, òkè tán, aṣálẹ̀ sì tẹ́ sílẹ̀ lọ súà níwájú wa, ó pupa bí epo. A dúró ní ìlú ọjà àtijọ́ kan tí wọ́n ti ń ta báàgì awọ. Dádì ń yẹ báàgì kọ̀ọ̀kan wò, wọ́n ń dárúkọ àwọ̀ rẹ̀ fún mi. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé dókítà ti sọ fún Dádì, ká tó rin ìrìn-àjò yẹn, pé ojú wọn máa tó fọ́.

A jókòó láti mu tíì.

Dádì ní, "Ìyá Sílífá, o mà mọ mọ́tò wà."

Mọ́mì rẹ́rìn-ín, àmọ́ tíì ń dà sílẹ̀ nínú ife wọn títí Dádì fi bá wọn dì í mú.