Bí Ó Ṣe Ku Díẹ̀ Kí Ọkọ̀ Dírágónì Wa Dojú Dé

Ìwọ òǹkàwé, ǹjẹ́ o ti jókòó rí nínú ọkọ̀ gbọọrọ tí ogún ènìyàn jọ ń wà? Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ wa ní Ìkálẹ̀ kọ́kọ́ fi ọkọ̀ dírágónì díje kò lè kúrò lọ́kàn mi láé. Eré náà ti ń gbilẹ̀ lágbègbè wa, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ bá rì lọ́jọ́ náà kò ní í dé ìdíje ńlá. Èmi ni mo ń darí ọkọ̀ wa láti ẹ̀yìn.

“Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ rọra o! Omi kì í ṣe ebè!” ni àwọn Ìlàjẹ, apẹja tí a jọ ń díje, fi ń bú wa.

“Ẹ̀yìn wa lẹ ó máa wò!” ni Akínṣọlá, alágbára wa láti Ìkọ̀yà, fi dá wọn lóhùn.

Nígbà tí a dé àárín odò, ó rẹ̀ ẹ́. Bí ó ti máa ń ṣe nínú ọkọ̀ kékeré tirẹ̀, ó gbé àjẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì, bẹ́ẹ̀ olúkúlùkù wa ló ní ẹ̀gbẹ́ tí ó gbọ́dọ̀ máa wà. Lójú ẹsẹ̀, ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi sì ya wọlé. Mo kígbe láti ẹ̀yìn:

“Akínṣọlá! Ìwọ nìkan kọ́ lo wà níbí! Dá àjẹ̀ padà sọ́tùn-ún!”

“Bàbá, ẹ má bínú!”

Ó dá a padà. A rọra ń wà á, omi ń mù wá dé orúnkún, títí imú ọkọ̀ fi kan okùn òpin. Àwa la kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ wa kò rì, wọ́n sì gbà wá sí ìdíje ńlá.