Súùtù Tí Tatang Wọ̀ Wá sí Kíláàsì Estrelita

Olùkọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ má bi bàbá rẹ̀ léèrè ohun tó ń kọ́ àwọn ọmọ o, ilẹ̀ á ṣú yín síbẹ̀. Estrelita Galinato lẹ ń wí, àbí? Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó máa ń rìn bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀, tí irun rẹ̀ gùn dé ìbàdí? Òun náà ni. Ọmọ Stockton níbí ni, ọmọ Tatang Crispulo (bàbá ni Tatang lédè àwa ará Filipíìnì) tó ń gé asparagọ́sì, ewébẹ̀ tó máa ń na ìka jáde nínú ilẹ̀ dúdú yẹn, tó sì ti tẹ ẹ̀yìn gbogbo ọkùnrin àdúgbò wa kọdọrọ.

Tatang rán an lọ sí yunifásítì ní San Francisco pé kó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Láàárín àwa ará Filipíìnì tó wà níbí, ẹni tó bí nọ́ọ̀sì ti ra ilẹ̀. Tatang ti ròyìn rẹ̀ tán ní ṣọ́ọ̀bù Manong Fausto onígbàjámọ̀, ẹ̀gbọ́n là ń pè ní Manong, pé ọmọ òun á máa gún òyìnbó lábẹ́rẹ́, wọn á sì tún máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àfi bí ìròyìn ṣe dé pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ló kọ́kọ́ dìde, àwọn ọmọ Mẹ́síkò, àwọn ọmọ Ṣáínà àti àwọn ọmọ tiwa sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Wọ́n ní àwọn ò ní wọ kíláàsì mọ́, àfi tí ilé-ìwé bá gbà láti máa kọ́ni ní ìtàn ìran tiwọn náà, kí wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún ọmọ tálákà. Odidi oṣù bíi mélòó kan ni wọ́n fi ń gbé páálí káàkiri. Kóńdó ọlọ́pàá kan fi àpá sílẹ̀ fún Estrelita lókè ojú, ibẹ̀ ló ń fi irun bò títí dòní.

Nígbà tí wọ́n borí, tí ilé-ìwé gbà láti dá ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Ìran sílẹ̀, ó sáré wálé wá ròyìn. Tatang ń jẹun lọ́wọ́. Ó ní ẹ̀kọ́ wo gan-an ni wọ́n fẹ́ máa kọ́ ní ẹ̀ka tuntun ọ̀hún. Estrelita ní nípa ẹ̀yin ni, Tatang, nípa àwọn tó kọ́kọ́ débí, nípa ìyà tí wọ́n jẹ nínú oko. Tatang gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ẹ ti ilé-ìwé pa torí kí wọ́n lè kọ́ ọ nípa mi? Ilé ni mo wà. N kò sì ní gba sẹ́ǹtì kan lọ́wọ́ rẹ."

Kílódé tí ọ̀rọ̀ yẹn ò fi ní dé ṣọ́ọ̀bù Manong Fausto kó tó di àárọ̀? Láti ìgbà náà, Estrelita ò lè kọjá níbẹ̀ kí wọ́n má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan á ní, "Ọmọ, mo fẹ́ lọ sùn o, ṣé wàá kọ ọ́ sílẹ̀?" Òmíràn á ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ìrẹsì tán, ṣé á jáde nínú ìdánwò. Òun náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ń dùn ún, torí bàbá tó ní òun wà nílé yìí, kì í sọ nǹkan kan. Tó bá bi í pé báwo ni nǹkan ṣe rí nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ dé, Tatang á ní, "Ooru mú." Ó parí.

Nígbà tó yá, ó fi nọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ilé-ìwé girama kan níbí sì gbà á síṣẹ́ pé kó fi ọdún kan dán Ẹ̀kọ́ Ìran yìí wò. Mista Hadley, ọ̀gá ilé-ìwé náà, kì í ṣèèyàn burúkú, àlàáfíà ló fẹ́ràn bí ológbò ṣe fẹ́ràn ẹ̀gbẹ́ iná. Àwọn òbí kan ti ń sọ fún un pé ńṣe ni kíláàsì yẹn ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń ní kùnrùngbùn sínú. Ó wá ní òun á wá jókòó síbẹ̀ fúnra òun nígbà tí ọdún bá ń parí lọ, kí òun tó pinnu bóyá kí ẹ̀kọ́ náà máa lọ tàbí kó kásẹ̀ nílẹ̀.

Estrelita ò sùn, ó ń ro ohun tó máa fi hàn án. Ó rò ó títí, ọkàn rẹ̀ bà lé bàbá rẹ̀. Nanang, ìyá rẹ̀, ló rán sí i pé kó wá bá kíláàsì òun sọ̀rọ̀. Nanang ò bá a jà, kò pariwo, ẹja gbígbẹ tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn ni kò sè mọ́. Kò pẹ́ tí Tatang fi gbà pé òun á lọ.

Inú Estrelita dùn dẹ́yìn. Ó ní, "Tatang, ẹ jọ̀ọ́, aṣọ oko yín ni kẹ́ ẹ wọ̀ wá, kẹ́ ẹ mú ọ̀bẹ yín dání, kí àwọn ọmọ lè rí i." Tatang wò ó, kò fèsì. Tí àgbà bá dákẹ́ lọ́dọ̀ tiwa, ó ti kọ̀ nìyẹn, ọmọ ọwọ́ pàápàá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n yunifásítì ti mú Estrelita gbàgbé ìyẹn, ó ní dídákẹ́ ni gbígbà. Ó tún wá lọ sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé kí gbogbo wọn múra bí òṣìṣẹ́ oko lọ́jọ́ náà, láti fi bu ọlá fún àlejò wọn.

Ẹ mọ ọmọdé. Wọ́n ya orúnkún jíǹsì, wọ́n dé akẹtẹ̀, wọ́n so áńkáṣíìfù mọ́rùn, ẹnìkan tilẹ̀ fi ẹrẹ̀ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ofelia Bañuelos nìkan, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ń ká tòmátò lóòótọ́, ló wọ búláòsì funfun tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Estrelita rọra bi í bóyá ó gbàgbé. Ó ní rárá o, òun ò gbàgbé.

Mista Hadley ti jókòó sẹ́yìn tó ń kọ nǹkan, nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Òórùn lọ́fínńdà ló kọ́kọ́ wọlé. Lẹ́yìn náà ni Tatang wọlé nínú súùtù aláwọ̀ eérú, táì pupa, ìpara irun tó ń dán yanran, bàtà tí èèyàn lè fi ṣe dígí. Ìlà ṣòkòtò rẹ̀ lè gé búrẹ́dì. Manong Fausto tẹ̀ lé e pẹ̀lú súùtù tirẹ̀, ẹni tí ẹnikẹ́ni ò pè. Tatang dúró, ó wo àwọn akẹtẹ̀ yẹn láti iwájú dé ẹ̀yìn.

"Anak," ó pe ọmọ rẹ̀, "ta ló fẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́?"

Manong Fausto mi orí. "Asparagọ́sì ti parí o. Wọ́n ti pẹ́ dé."

Kíláàsì tú ká fún ẹ̀rín. Estrelita ń wo ọwọ́ Mista Hadley tó ń kọ̀wé. Ó sún mọ́ bàbá rẹ̀, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé aṣọ oko ńkọ́.

"Ilé-ìwé nìyí," ni Tatang wí, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ṣé ìyà ló sọ? Ilé ijó ló ń sọ, bí wọ́n ṣe ń ra tíkẹ́ẹ̀tì kí ọmọge tó bá wọn jó. Ó sọ ti àkùkọ ìjà tó ní, tó rí ọ̀tá tó sì sá wọ abẹ́ ìjókòó. Ó sọ ti ọkùnrin tó ń se ọbẹ̀ adobo fún wọn lágọ̀ọ́ òṣìṣẹ́ oko, tí kì í fọwọ́. Estrelita ní kó sọ díẹ̀ nípa ọ̀gá oko. Tatang ní, "Ó sanra." Nígbà tó kan ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ oko daṣẹ́ sílẹ̀ ní Salinas, òun àti Manong Fausto bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ọdún tó ṣẹlẹ̀, ìkínní ń pe ìkejì ní arúgbó. Estrelita dá sí i, ó dárúkọ ọdún náà, ó dárúkọ oṣù rẹ̀, ó sọ iye owó tí wọ́n ń bèèrè fún. Àwọn méjèèjì yíjú sí i.

"Ta ló sọ fún ọ?" Tatang bi í.

"Ilé-ìwé ni, Tatang."

Manong Fausto sín, kó má baà rẹ́rìn-ín.

Ìgbà yẹn ni Ofelia bèèrè tirẹ̀. Ó ní kí bàbá má bínú, inú eruku ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ láti Mọ́ńdè, kí ni wọ́n ń fi irú súùtù báyìí ṣe? Tatang wo búláòsì rẹ̀. Ó fa apá kóòtù rẹ̀ tọ́.

"Nọ́ńbà ni ọ̀gá oko fi ń pè mí. Tó bá di Sátidé, mo máa ń wẹ̀, màá tún wẹ̀, torí eruku ilẹ̀ yẹn ń yún èèyàn. Hòtẹ́ẹ̀lì kan wà láàárín ìlú, wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé ará Filipíìnì ò gbọdọ̀ wọlé. Tá a bá kọjá títì ńlá yẹn, ọlọ́pàá á dá wa padà. Èmi á wọ súùtù mi, màá dúró sí òdìkejì. Mo fẹ́ kí ẹni tó kọ nǹkan yẹn rí ẹni tó ní kó má wọlé. Kó má sọ pé òun ò rí mi."

Ọmọ tó pa ẹrẹ̀ mọ́jú fi áńkáṣíìfù nù ún. Estrelita di ṣọ́ọ̀kì mú, kò mọ̀ pé ó ti ṣẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, ooru mú ni wọ́n ń sọ fún un.

Mista Hadley ló sọ̀rọ̀. Ó ní òun mọ hòtẹ́ẹ̀lì náà, bàbá òun máa ń mú òun lọ jẹun níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, òun sì lè ka lẹ́tà gbogbo tó wà lára ilẹ̀kùn yẹn nígbà náà, òun ò kàn bèèrè ni. Ojú tì í. Tatang bi í bóyá oúnjẹ wọn dùn.

"Kò dùn rárá, sà."

"Ó dáa," ni Tatang wí, ó sì jókòó.

Nígbà tí kíláàsì tú, Mista Hadley pe Estrelita sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní kó máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ ní ọdún tó ń bọ̀, àwọn òbí tó ń kùn, òun á dá wọn lóhùn fúnra òun. Ó kàn ní kí wọ́n dín ariwo kù díẹ̀.

Níbi ọkọ̀, Manong Fausto ti kó àwọn ọmọ jọ, ó ń fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń di àkùkọ mú. Tatang ń nu bàtà rẹ̀, kò wojú ọmọ rẹ̀. Ó ní ohun tí òun sọ nípa àgọ́ yẹn kò pé o, òun fo àwọn nǹkan, òun ò sì fẹ́ kó máa fi àbọ̀ ọ̀rọ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ìgbà wo ni wọ́n tún máa ṣe kíláàsì náà?

Estrelita ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún un. "Mọ́ńdè ni, Tatang. Ṣùgbọ́n ní kíláàsì tèmi, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ nawọ́ sókè. Ẹ̀yin náà ẹ máa nawọ́ o."