Orin Tí Wọ́n Gbé Lé Ìdákẹ́jẹ́ Mi Lórí

Agogo mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú ni, ní ọ̀sán Sátidé kan, nígbà tí mo rí ojú ara mi lára ògiri sinimá, tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Àwa mẹ́ta la jọ lọ: èmi, ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, àti màmá tó ń darí akọrin ní ìjọ wa ní Mariners Harbor, ìlú òyìnbó tí à ń gbé. Nínú àwòrán náà mo jókòó, mo dákẹ́, mo ń wo pósí. Ṣùgbọ́n orin ijó ń dún lé mi lórí. Ara mi gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí. Ìbínú ọjọ́ náà ò tíì tán nínú mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọdún tó ṣáájú rẹ̀ ni ọmọ mi jáde ní kọ́lẹ́jì, tó sì rí iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fíìmù. Iṣẹ́ ẹni tí wọ́n ń rán káàkiri ni. Ìtàn tí wọ́n ń yà jẹ́ ti ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn ìgbà tiwa, tí àwọn èèyàn á ti máa gbé inú ọkọ̀ ńlá kan lójú ọ̀run. Wọ́n ń wá àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú tó máa jókòó sẹ́yìn, ọmọ mi sì kó èèyàn mẹ́jọ nínú ìjọ wa. Èmi tí n kì í la ẹnu ní ìpàdé, èmi tí mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá kí n tó wọ ilé ìwé, mo gẹ irun mi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yẹn. Mo rò pé gbogbo ayé ń bọ̀ wá wò mí.

Inú ilé ìkẹ́rùsí kan létí omi ni wọ́n ti yà á. Wọ́n fún wa ní aṣọ tó ń dán bí ìdí ìkòkò tuntun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé pósí wọlé. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló kú nínú ìtàn náà. Olùdarí fíìmù, òyìnbó tí kò tíì pé ogójì ọdún, ní kí ọkùnrin mẹ́fà gbé e léjìká kí wọ́n máa jó, bí àwọn tó ń gbé òkú jó lórí fóònù gbogbo ayé nígbà yẹn. Ó ní kí àwa yòókù dìde, ká máa pàtẹ́wọ́. Ó ní ṣebí bí a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn.

N kò dìde.

Màmá akọrin fi ìgúnpá gbún mi. “Bàbá, ẹ dìde jàre. Fíìmù ni, kò sẹ́ni tó kú.”

“Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n pe òkú yẹn?”

“Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mo gbọ́ bẹ́ẹ̀.”

“Ta ló ń jó níbi òkú ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nílé bàbá tiyín?”

Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. “Háà. Òótọ́ kúkú ni.” Òun náà jókòó.

Olùdarí tọ̀ wá wá, ọmọ mi tẹ̀ lé e. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí. Bí bàbá rẹ̀ bá ba iṣẹ́ wọn jẹ́, wọn ò ní pè é mọ́. Mo rí i, mo sì sọ̀rọ̀ síbẹ̀. Mo sọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì mi tó ń tiro: arúgbó tó fi ọmọ sáyé lọ la ń jó fún. Ẹni tó bá kú ní kékeré, òkú ọ̀fọ̀ ni. Òbí rẹ̀ kì í dé ibi sàárè. Jíjókòó là ń jókòó. Bó ṣe ọ̀ọ́dúnrún ọdún, bó ṣe ojú ọ̀run, bí Yorùbá kan bá ṣẹ́ kù níbẹ̀, yóò jókòó.

Olùdarí ní ká jókòó bẹ́ẹ̀ fún òun.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ ayàwòrán wá síwájú mi. Mo rántí ìyàwó mi, tó kú lẹ́ni ọdún méjìlélógójì, nígbà tí ọmọ wa jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá. N kò jẹ́ kí orin ijó kankan dún lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀. N kò sunkún lójú ọmọ nígbà náà, ṣùgbọ́n omi bọ́ lójú mi níwájú ẹ̀rọ àwọn àjèjì. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: mo rí ọmọ mi lẹ́yìn ẹ̀rọ, ó fi ìwé ọwọ́ rẹ̀ bojú.

N kò mọ̀ pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ya fíìmù tán ni wọ́n ń fi orin sí i. Mo rò pé ìdákẹ́jẹ́ tí mo fún wọn, bí mo ṣe dì í ni wọ́n á gbé e délé.

Inú bọ́ọ̀sì tó gbé wa kúrò ní sinimá ni mo ti pariwo. “Wọ́n ti gbàgbé òṣùpá, wọ́n ti gbàgbé ilẹ̀, orin inú mọ́tò àwọn ọmọ àdúgbò Tompkinsville ni wọn ò gbàgbé lẹ́yìn ọ̀ọ́dúnrún ọdún? Ojú mi ni wọ́n sì rí gbé e lé?”

“Bàbá, àwọn èèyàn ń wò wá o.”

“Kí wọ́n máa wò.”

Ọmọ mi ní, “Dádì, orin tí èèyàn mọ̀ ni wọ́n ń lò, kí ibẹ̀ má bàa jìnnà jù.”

“Ta ló mú un wá fún wọn?”

Ó wo ojú fèrèsé. “Èmi ni. Orin Mọ́mì ni. Bí wọ́n bá ń dín dòdò, òun ni wọ́n ń jó sí. Ẹ ò mọ̀, ẹ kì í sí nílé.”

Òótọ́ ni. Ilé àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú ni mò ń sùn láàárín ọ̀sẹ̀ nígbà yẹn.

“Mo bẹ̀ yín kí wọ́n gbé e fún Mọ́mì lọ́jọ́ ìsìnkú. Ẹ ní rárá, ẹ ò sọ ìdí. Mo rò pé ojú wọn ló ń tì yín. Ẹnu yín, níwájú òyìnbó yẹn, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìdí rẹ̀.”

“O gbọ́ ọ, o sì fi orin náà síbẹ̀?”

“Wọ́n bi mí bóyá kí wọ́n yọ ọ́. Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń wá ibi tí màá ti gbé e fún Mọ́mì.”

Màmá akọrin di ọwọ́ ọmọ mi mú títí a fi sọ̀ kalẹ̀.

Mo ṣì ń bínú sí àwọn tó fi ijó bo ẹkún mi, tí wọn kò bi mí. Bí mo bá tún rí olùdarí yẹn, màá sọ fún un. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àjèjì tí n kò mọ ilé bàbá rẹ̀, mo jókòó kọ́ ọ. Ọmọ mi, mo kàn sọ fún un pé rárá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí a tó lọ sí ìjọ, mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo ní kó gbé orin náà sí i fún mi. Ó wò mí bóyá mo fẹ́ bá a jà, lẹ́yìn náà ó gbé fóònù rẹ̀ lé orí tábìlì ìdáná. Ó fi ẹsẹ̀ jó o díẹ̀ níwájú sítóòfù, ó ní bí Mọ́mì ṣe ń jó o nìyẹn. Mo fa àga, mo jókòó, mo gbọ́ ọ parí. N kò jó.