Ẹ̀wà Yusrah Tí Kò Gbọdọ̀ Rí Omi

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni ilé ìwé Yusrah, ọmọ ọdún mẹ́fà, máa ń fi ìwé ránṣẹ́ sílé nípa ohun tí wọn yóò kọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Alhaja Kúbúrá, ìyá rẹ̀ àgbà, ló máa ń kà á. Lọ́sẹ̀ kan, ẹ̀wà ni wọ́n gbìn sínú ife. Tíṣà ní kí Yusrah má bomi rin tirẹ̀, kí gbogbo kíláàsì lè rí i pé kò ní hù.

Ẹkún ni Yusrah sun dé ilé wọn ní Peckham, ní London. "Grandma, ẹ ṣàdúrà fún bean mi."

Alhaja ṣàdúrà sí omi Samsam tó gbé bọ̀ láti Mẹ́kà, ó bu díẹ̀ fún un nínú ìgò. "Wọ́n ọn sí i. Yóò hù, láṣẹ Ọlọ́run."

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ẹ̀wà hù. Tíṣà wo ife títí. Yusrah ní àdúrà Grandma òun ni.

Inú Alhaja, tó wá mú un nílé ìwé, dùn títí wọ́n fi délé. Ìgbà yẹn ló tó rántí pé omi ṣáà ni Samsam.

"Yusrah, omi wà nínú àdúrà yẹn o."

Ọmọ náà mú hóró ẹ̀wà gbígbẹ kan wá láti kíṣìnì. "Okay, ẹ ṣàdúrà sí èyí. No water, Grandma."

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí Alhaja ti ń kírun láìpa ọ̀kan jẹ. Ó gba hóró náà, ó ní, "Bísímílàhì." Kò mọ ohun tí òun yóò tọrọ tẹ̀ lé e. Yusrah ṣì ń wo ẹnu rẹ̀.