Ọṣẹ Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Gún

Nígbà tí ìyàwó mi lóyún àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ dúdú, kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Aṣọ ọmọdé ló ń tà ní Siluko Road. Ó ní àwọn oníbàárà ń bi òun bóyá inú oòrùn lòun ń sùn. Ó ra ọṣẹ ìbóra, irú èyí tí àwọn obìnrin máa ń gún mọ́ ọṣẹ dúdú kó lè pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọmọ odó ti wúwo jù fún un, torí náà èmi ni mo gún un, nínú odó tí a fi ń gúnyán.

Mo ti lé lógójì ọdún nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ekiadolor. Kò sí ohun tí mi ò kì í kà. Mo ka páálí ọṣẹ náà, mo rí mẹ́kúrì níbẹ̀. Mi ò mọ ohun tó jẹ́. Mo ń gún un lọ.

Ní oṣù keje oyún náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Nọ́ọ̀sì ní ohun tí kò yẹ kó wà nínú ìtọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó wá bi í pé irú ọṣẹ wo ló ń lò. Ìyàwó mi ní ọṣẹ dúdú ni. Nọ́ọ̀sì yìn ín. Mo jókòó tì í, mi ò sọ nǹkan kan.

Ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Mo bi olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní kẹ́mísírì pé kí ni mẹ́kúrì.

Ó bi mí ibi tí mo ti rí i. Mo ní lára páálí ọṣẹ ìyàwó mi.

Ó gbé ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀. “Ṣé kò lóyún ṣá?”

Mo ní oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje. Ó ní mẹ́kúrì máa ń gba awọ ara wọlé, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú.

Nínú ọkọ̀, àtẹ́lẹwọ́ mi ni mò ń wò títí mo fi délé. Mo da ọṣẹ náà sínú ṣáláńgá. Mo gbé odó síta, a ò gúnyán nínú rẹ̀ mọ́. Mo sọ fún ìyàwó mi pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ gbọ́.

Ojú tì í. Ó ní, “Kí ẹ lọ sọ fún ará ìta pé mò ń bóra? Ẹ̀yin tí ẹ gún un ńkọ́?”

“Màá sọ ìyẹn náà.”

Mo mú páálí náà lọ, mo sì sọ méjèèjì. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú káàdì, ó ní kó máa wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Obìnrin ló bí. Ó ké dáadáa, ṣùgbọ́n mi ò sinmi. Mo ń ka oṣù títí ọrùn rẹ̀ fi le, títí ó fi jókòó, títí ó fi rìn.

Kíndìnrín ló pa ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Mo sọ̀rọ̀ ọṣẹ náà fún dókítà. Ó ní òun ò lè sọ pé ọṣẹ náà ni, òun ò sì lè sọ pé kì í ṣe ọṣẹ náà.

Ọmọ náà ti ń dá ọṣẹ rà fúnra rẹ̀ báyìí. Mo máa ń gba páálí rẹ̀ kà kó tó wọ balùwẹ̀.

“Dádì, na ordinary soap.”

Mo mọ̀. Síbẹ̀, mo máa ń kà á tán.