Ìtàkùn Iṣu Ẹ̀yìnkùlé Wọn

Bí mo bá rí ìtàkùn iṣu tó ń wá igi tí yóò lọ́ mọ́, ọ̀rẹ́ mi ni mo máa ń rántí. Iṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ni ìwádìí nípa ohun tó ń mú iṣan ọpọlọ hù, tí kì í jẹ́ kó rọ. Síbẹ̀, tó bá wálé sí Òkukù, ẹ̀yìnkùlé ló ń kọ́kọ́ yà sí, á fi ìka kan darí orí ìtàkùn sára igi. “Rọra,” á ní, “ibẹ̀ náà lo ń lọ.”

Ìgbàgbé ti ń bo ìyá rẹ̀, bí kùrukùru ṣe ń bo oko láàárọ̀. Oògùn ìgbàgbé tí ọ̀rẹ́ mi ń wá kò sì tíì jáde. Lọ́jọ́ tí mo bá a wálé, ó kúnlẹ̀ kí wọn. Màmá wò ó títí, ni àwọn náà bá kúnlẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, ìyá mi.”

Ìyá tó bí wọn, tó ti kú tipẹ́, ni wọ́n rò pó dé.

Kí ìyá kúnlẹ̀ fún ọmọ kẹ̀! Mo fẹ́ gbé wọn dìde, ọ̀rẹ́ mi dì mí lọ́wọ́ mú. Ó fi ìka kan ṣoṣo kan irun wọn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Káàárọ̀, Àṣàkẹ́ mi. Ṣé o sùn dáadáa?”

“Mo sùn, mà,” ni Màmá wí. “Ẹ mà pẹ́ kí ẹ tó dé o.”